Ọ̀rọ̀ Bíréèkì Iwájú

Ojúlé Karùn-ún, Kílóòsì C,
Ojú Ọ̀nà 41,
Festac Town, Èkó.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Adébánjí, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀ bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí bá ọ, mo sì kí ọ kú ìrọ̀lẹ́ bí Kọ́ládé tó ń mú un bọ̀ bá pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé Abẹ́òkúta. Báwo ni ẹsẹ̀? Egungun èjìká ńkọ́? Ṣé o ti ń lè fi ọwọ́ òsì mú ife? Lílían ọmọ ìyá rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti ní kí o máa fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ nínú pálọ̀, pé o sì ń bá òun àti ọkọ rẹ̀ jà nítorí pé ọbẹ̀ wọn kò ta. Inú mi dùn sí ìjà yẹn. Bí o bá ti ń bèèrè ata, mo mọ̀ pé ara rẹ ti ń yá. Èmi náà wà, mo ń lo oògùn ìfúnpá mi déédéé, àfi pé oorun kò fẹ́ràn mi mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Jókòó dáadáa kí o tó máa bá ìwé yìí lọ. Mo mọ̀ ọ́, inú rẹ kì í pẹ́ bí. Bí ó bá bí ọ lágbedeméjì, gbé ìwé náà sílẹ̀, mu omi, kí o sì padà wá kà á dé ìsàlẹ̀. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n óò sun, ìwọ náà á sì sọ pé, "Mọ́mì, ó ti tó," ọ̀rọ̀ náà á sì tún kú síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ ìwé fún àwọn ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Èyí ni tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, kí n má bàa máa yí i po. Afeez tó tún máṣíìnì rẹ ṣe kò jẹ̀bi ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ní báyìí tí o ti mọ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí bí a ṣe jà nígbà tí o sọ pé o fẹ́ ra máṣíìnì Ọ̀gbẹ́ni Henry. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ pé kí ló ń lé ọ, ṣebí bọ́ọ̀sì wà. O ní bọ́ọ̀sì ń gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, pé pawa baìkì ni o fẹ́ rà, kì í ṣe ọ̀kadà, kí n yéé dárúkọ ọ̀kadà mọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni máṣíìnì náà ti wà láyé, ó sì ti fi márùn-ún tó kẹ́yìn jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ọkùnrin náà ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí wọ́n da tapólì bò ó. Lọ́jọ́ tí ìwọ àti Afeez tì í wọ kọ́mpáùndì wa, mo rò pé àwọn tó ń ra àlòkù irin ni ẹ ń gbé e lọ fún. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó.

Ọjọ́ náà gan-an lo fẹ́ gùn ún. Afeez ni kò gbà. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: "Bọ̀dá Bánjí, ẹ ò ní gùn ún lónìí o. Máṣíìnì tó jókòó fún ọdún márùn-ún! Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yẹ inú ẹ̀ wò." O bínú, o wọlé, o sì tún jáde wá bá a nígbà tí ìbínú náà rọlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti Tọ́sìdeè dé Sátidé, ló fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Abúlé Adó pa, tó wá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò wa. Èmi jókòó sí bàrándà, mò ń bó ẹ̀gúsí, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ fún mi pé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Mo rí i nígbà tó da pẹtiróòlù àtijọ́ nù nínú táǹkì, tí ìpẹtà pupa ń bá a jáde. Mo rí i nígbà tó fa ìtẹ́ èkúté yọ nínú àpótí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, tó sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀ kó tó dà á nù. Táyà méjèèjì ṣì ní eyín, ìwọ ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ sí bí rọ́bà náà ṣe sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ka ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára fún ọ, a sì rí i pé táyà náà dàgbà ju ìgbéyàwó Lílían lọ. Ó pààrọ̀ wọn. Ó fa omi bíréèkì jáde, ó dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò, ó da tuntun sí i. Ó fi páàdì tuntun sí bíréèkì iwájú, ó tú ti ẹ̀yìn, ó fọ̀ ọ́, ó dè é padà. Ó na ṣéènì, ó tan gbogbo iná lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó fi sípánà kan bóòtì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n sókè bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Lẹ́yìn náà ó gùn ún yí kílóòsì wa ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, títí Ìyá Dammy fi yọjú láti ojú fèrèsé bèèrè ohun tó ń wá.

Nígbà tó parí, ó ya ojú ìwé kan nínú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ó fi bírò kọ gbogbo ohun tí o gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí tó wà lókè pátápátá, ó fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́: KÍ Ẹ TÓ GÙN ÚN, Ẹ TÌ Í SÍWÁJÚ, Ẹ TẸ BÍRÉÈKÌ IWÁJÚ, Ẹ WÒ Ó BÓYÁ Ó DÚRÓ. OJOOJÚMỌ́. Ìwé náà ṣì wà lára ògiri títí dòní. N kò lè yọ ọ́, n kò sì lè kà á.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, mo bèèrè bóyá kí a pe Pásítọ̀ wá. O ní àdúrà kò burú rárá, kí a gbà á. "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ òróró o. Ẹ rántí sátífíkéètì mi." Mo rántí. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ tí mo ya sí mímọ́ kí o tó lọ fún ìntáfíù, tí òróró wọ inú rẹ̀ lọ títí a fi ń rí orúkọ ọ̀gá iléèwé láti ẹ̀yìn, tí àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ sì bi ọ́ bóyá àkàrà lo fi dì. Ìwọ àti Afeez rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dákẹ́.

Àkànní, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lọ́kùnrin fẹ́ jókòó sórí irin tó dàgbà tó ọmọ iléèwé girama, kó wọ títì Èkó, kí n wá káwọ́ gbera? Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí mo gbọ́ omi ní báluwẹ̀ tí mo mọ̀ pé o ń wẹ̀, mo mú ìgò òróró tí mo gbà nígbà àpéjọ àdúrà, èyí tí wọ́n fi òórùn dídùn sí, mo sì yọ́ jáde. Mo fi kan ọwọ́ máṣíìnì náà. Mo fi kan iná iwájú, mo fi kan ìjókòó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú, mo rí irin róbótó kan nínú rẹ̀ tó ń dán yanran, tí wọ́n lu ihò sí lára bí ajere. Ẹ̀ṣọ́ ni mo pè é. Mo rò ó lọ́kàn mi pé nígbà tó jẹ́ pé ibi tó ń dán jù nìyí, tó sì jẹ́ pé òun ló ń yí, ibẹ̀ ló yẹ kí ìbùkún pọ̀ sí jù. Mo da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa á yíká lọ́tùn-ún, mo fi pa á yíká lósì, mò ń ka Sáàmù lábẹ́ ẹ̀mí mi. Mo wá irú irin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, n kò rí i, agolo irin ni wọ́n fi bo ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ dùn mí díẹ̀ pé ẹ̀yìn kò rí tirẹ̀ gbà. Mo padà wọlé, mo fọ ọwọ́, mo dín ẹyin fún ọ.

Nígbà tí o ṣe tán, o dé akoto, o sì dúró níwájú ògiri, o ń ka ìwé Afeez. Mo rí ọ. O gbé ọwọ́ lé máṣíìnì náà láti tì í síwájú gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Èmi ti wà nínú mọ́tò Ìyá Dammy nígbà yẹn, mo sì pariwo pé a ti pẹ́, pé wọn á ti wọ ìsìn. Bóyá o ti gbàgbé ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e, èmi kò gbàgbé. Mo ní, "Ẹ̀mí Mímọ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, máa bọ̀ jàre!" O rẹ́rìn-ín, o sì gùn ún. Ó ń dùn mọ́ mi nínú pé mo mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀.

Ẹ̀yìn rẹ la wà nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá yẹn yọ sójú títì ní ìkòríta Ojú Ọ̀nà 23. Ìwọ kò sáré. Mo rí iná pupa ẹ̀yìn rẹ tó tàn, mo mọ̀ pé o ti tẹ bíréèkì, mo sì rí i pé máṣíìnì náà ń lọ síbẹ̀síbẹ̀. O gbá ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, o fò, o fi èjìká balẹ̀, máṣíìnì sì wó lé ẹsẹ̀ rẹ. N kò mọ bí mo ṣe jáde nínú mọ́tò. Bàtà mi kan wà níbẹ̀ títí dòní.

Ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ ni pé bíréèkì kò mú, pé Afeez ló fẹ́ pa ọ́. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dé, o kọjú sí ògiri. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tó yá ó fi ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀ fún mi, ó lọ. O gba fóònù rẹ, o fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan kọ ọ́ sí Wásáàpù ẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń gun pawa baìkì ní Festac àti Amúwo, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé máṣíìnì fún Afeez mọ́, pé apààyàn ni. O fi àwòrán rẹ̀ sí i. Lílían fi hàn mí. Ẹnì kan níbẹ̀ bi ọ́ bóyá o tẹ bíréèkì wò kí o tó jáde, o sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kà á, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. N kò sọ̀rọ̀, torí mo rò pé ìrora ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Gbọ́ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ dúró níwájú ìjọ. Mo jó. Mo jẹ́rìí pé òróró tí mo fi pa máṣíìnì ọmọ mi ni kò jẹ́ kí ikú rí i gbé ṣe, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọlọ́run rí ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ ni mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn tí Lílían ti gbé ọ lọ sí Abẹ́òkúta, Afeez wá bá mi nílé. Ó ti gbé máṣíìnì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí òun ti ṣàṣìṣe. Ó yọ ohun kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé nínú àpò, ó tú u sórí tábìlì oúnjẹ. Páàdì bíréèkì iwájú ni, èyí tí mo rí i tó fi sí i lójú mi. Ojú rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń dán. Àkànní, òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi kí Afeez tó la ẹnu.

Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní irin róbótó yẹn ni páàdì máa ń fún mọ́ láti dá táyà dúró, pé bí òróró bá kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Ó ní bíréèkì ẹ̀yìn ló dín eré náà kù tí o kò fi kú, torí agolo ni wọ́n fi bò ó. Agolo tó dùn mí pé ọwọ́ mi kò wọ̀. Mo bi í léèrè bó ṣe mọ̀ pé èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. O rántí pé lọ́dún 2020, nígbà tí iná bú gbàmù ní Abúlé Adó tí ilé tí wọ́n ń gbé sì wó, ìwọ fúnra rẹ lo lọ kó Afeez, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn wá sí yàrá ẹ̀yìn wa. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò. Ọmọ yẹn máa ń ta jí, á máa ké, irú òróró yìí kan náà ni mo sì máa ń fi pa á lórí títí yóò fi sùn. Afeez ní, "Mọ́mì, òórùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ọmọ mi fi ń sùn."

Mo dìde, mo ní n óò pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ohun tó sọ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: "Mọ́mì, ẹ má sọ fún un. Tó bá mọ̀, ẹ̀yin ló máa bínú sí, ẹ̀yin sì nìkan ni òbí tó kù fún un. Èmi, ó ti bínú sí mi ná. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

Mo sì gbà fún un. Mo ní ó dáa. Òróró yẹn, àìmọ̀ ni mo fi dà á. Ìdákẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo sì fi ṣe é. Ojú ìjọ tí mo jẹ́rìí fún ń tì mí. Mò ń bẹ̀rù pé o kò ní jẹ́ kí n gbàdúrà lé ọ lórí mọ́ láyé. Nígbà tí o bá pè tí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Afeez, mo máa ń ní kí o jẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bí ẹni pé èmi ni mo ní sùúrù láàárín wa.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, mo lọ sí Abúlé Adó láti lọ wò wọ́n. O mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Máṣíìnì mẹ́jọ, mẹ́sàn-án kì í wọ́n níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn tó ni wọ́n á máa pariwo lé Afeez lórí. Tìrẹ nìkan ló kù. Ó ti tún un ṣe, ó ti fi páàdì mìíràn sí i, ó da aṣọ bò ó. Wọ́n ti kó irinṣẹ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n sì ti yọ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó dojú kọ ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ní Sátidé ni àwọn ń padà sí Ìsẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ wá mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń pe ọkọ òun ní apààyàn. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́. Kí ni ọkọ mi ṣe gan-an?"

Afeez kò tíì sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kò sọ fún un! Mo gbójú sókè, mo rí Afeez lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí sí mi pé kí n má sọ. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo sì lọ sílé bí olè. Ọmọ mi, n kò tíì kórìíra ara mi bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú tí mo wà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lọ́jọ́ tí o ṣubú.

Àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo padà lọ láàárọ̀, mo sì sọ fún obìnrin náà níwájú ọkọ rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Yàtọ̀ sí oorun alẹ́ tí mo lọ sùn nílé, láti ìgbà náà ni mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Afeez, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí pátákó orúkọ rẹ̀ tí mo gbé lé itan. Ẹni tó bá gun máṣíìnì kọjá, mo ń dá a dúró, mo ń sọ fún un pé èmi ni ìyá Bánjí, pé ọwọ́ mi ni mo fi da òróró sí bíréèkì. Àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú. Afeez ń bẹ̀ mí kí n lọ sílé torí oòrùn. Àwa méjèèjì la ń gbààwẹ̀, òun ti Ràmàdáánì, èmi ti Lẹ́ńtì, kò sẹ́ni tó lè fún ẹnì kejì lómi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yín dúró, ó gbọ́ tẹnu mi tán, ó ní, "Mọ́mì, orí Wásáàpù la ti kà á pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó kọ ọ́ ló máa pa á rẹ́." Òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Ya fọ́tò ìwé yìí, láti ojú ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kí o gbé e síbi tí o gbé àwòrán Afeez sí. Má ṣe pa orúkọ mi rẹ́. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé o kò tẹ bíréèkì wò láàárọ̀ yẹn. Èmi ni mo dí ọ lọ́wọ́, ẹ̀bi mi ni, ṣùgbọ́n o ní o ṣe é, o kò sì ṣe é. Lẹ́yìn náà, pe Afeez fúnra rẹ. Kó jẹ́ kí Sátidé tó dé, Bánjí. Bí wọ́n bá ti di ẹrù sínú mọ́tò Ìsẹ́yìn, ó ti bọ́. Ní tèmi, Sọ́ńdè tó ń bọ̀, n óò tún dúró níwájú ìjọ kan náà, n óò sọ bó ṣe rí gan-an, kí wọ́n ṣe mí bó ṣe wù wọ́n.

Bí inú bá bí ọ sí mi, jẹ́ kó bí ọ. Ìyá rẹ ni mí, mo lè gbé e. Afeez ti gbé tirẹ̀, ó ti gbé tèmi mọ́ ọn, ó tó.

Kí Olúwa mú kí egungun rẹ so pọ̀ ṣinṣin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ẹsẹ̀ rẹ tún padà tẹ ilẹ̀ Festac láìsí ọ̀pá. Kí o má ṣe rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà kò rọgbọ. Kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ má ṣe jẹ́ ìpalára fún ọ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi tí mo ń kọ̀wé yìí. Bá mi kí Lílían, kí o sì jẹ́ kó ka ìwé náà.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ níbi tó ti ń ṣàdúrà fún ọ,

Bernice.

Mo tún rántí: Páàdì náà wà nínú àpò ìwé kan náà, mo fi náílọ́ọ̀nù wé e. Afeez kò fẹ́ kó jáde lọ́wọ́ òun, ìyàwó rẹ̀ ló fún mi. Kí o tó bínú sí ẹnikẹ́ni, gbé e sí imú. Òórùn rẹ̀ ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìwọ á mọ̀ ọ́n. Òróró kan náà ni mo máa ń fi pa iwájú orí rẹ ní àárọ̀ ìdánwò, láti pírámárì títí o fi jáde yunifásítì. Nígbà yẹn, o máa ń tẹ orí ba fún mi kí n tó sọ̀rọ̀.